Àmì Eyín

Kì í ṣe oyin, bó tilẹ̀ jọ oyin.
Kòkòrò tí kò tó orí abẹ́rẹ́ ló ń ṣe é,
lára ẹ̀ka igi kúsúmù, lẹ́yìn ìlú Balarámpù.
Wọ́n á mu omi ara igi, wọ́n á fi oje bo ara wọn
bí ẹni tó mọlé yí ara rẹ̀ ká tó gbàgbé ilẹ̀kùn.
Inú ilé náà ni wọ́n ń kú sí.
Àwa la ń ha ilé wọn sínú agbọ̀n.

Ogójì ọdún ni Jitrai bàbá mi fi jókòó ti ẹyin iná.
Àpò aṣọ gùn bí òjòlá, hóró oje kún un,
ìyá mi ń lọ́ ọ láti ìdí,
oje ń yọ́, ó ń làágùn gba ara aṣọ jáde.
Bàbá á gbà á, á tẹ́ ẹ sára ìkòkò omi gbígbóná,
á bó o kúrò bí ẹni bó awọ,
á wá dìde:
ọwọ́ méjèèjì mú igun òkè,
ọmọ ìka ẹsẹ̀ mú igun ìsàlẹ̀,
eyín mú àárín.
Ó nà án. Ó nà án títí oòrùn fi rí ọ̀nà gba inú rẹ̀,
tí mo fi rí bàbá mi láti òdìkejì,
ó pọ́n bí omi tíì.

Ẹ̀rọ dé. Ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ ti ṣáájú ẹ̀rọ lọ.
Ó ku mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì rí ara wọn.

Mo gbẹ́ àpótí ìjókòó fún un, ó ku ká kùn ún.
Mo gún oje ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kúnná, mo dà á sínú ìgò,
mo bu ọtí lé e —
kì í ṣe èyí tí Haradhan ń mu lọ́jọ́ ọjà,
ọtí tó mọ́ ṣáká ni, tí omi kò bá ṣeré rí.
Bí omi bá wọ̀ ọ́, ara igi á hó funfun
bí ẹsẹ̀ tí kò mọ òróró.
Ìdérí onírin ń sọ ọ́ dúdú, ọ̀rá ni mo fi dì í lẹ́nu.
Mo ń mì í. Bí mo bá gbàgbé,
á jókòó sí ìdí ìgò bí gbèsè.
"Salge, mì í," ni bàbá ń wí láti orí ẹní,
"má jẹ̀ẹ́ kó sùn."

Lálẹ́, ó na ọwọ́ sí abẹ́ òrùlé,
ó fa ìwé ìròyìn àtijọ́ kan yọ.
Èyí tó nà kẹ́yìn ló wà nínú rẹ̀, ọdún mọ́kànlá.
Létí rẹ̀, àmì eyín: gbogbo wọn, wọ́n pé.
"Eléyìí ni kó o fi kùn ún."

Oje tó pẹ́ kì í gbẹ. Mo mọ̀. Ó mọ̀ jù mí lọ.
Mo ṣẹ́ igun kan tí eyín kò dé, mo rẹ ẹ́ sínú ìgò kejì.
Ilẹ̀ mọ́, ó kàn wú ni. Mo fi aṣọ sẹ́ ìwọ̀nba tó yọ́.
Mo kán ẹ̀kán méjì sórí díńgí: tuntun lápá ọ̀tún,
tirẹ̀ lápá òsì.
Nírọ̀lẹ́, ti ọ̀tún le bí èékánná.
Ti òsì di àtàǹpàkò mi mú.

Mi ò sọ nǹkan kan.
Bàbá tẹ ìka tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó fà á sókè,
okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tẹ̀ lé ìka rẹ̀.
Ó nà án.
Ó nà án, ó rọra ń nà án, kó tó já.
Ó rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ ṣófo bí ihò igi.
"Ó ṣì mọ̀ mí," ló wí.

Tuntun ni mo fi kun àpótí náà,
aṣọ rírọ̀, ẹ̀kán òróró kan, mò ń yí i po, mò ń yí i po,
títí ojú ara mi fi ń wò mí láti inú igi.
Mo kọ ọjọ́ òní sára ìgò tuntun,
kí n lè mọ ìgbà tí n óo dà á nù.
Ìgò kejì, n kò kọ nǹkan kan sí i lára.