Àmù Abẹ́ Ọ̀ṣọ̀ọ̀rò

Wolé-wolé dé ní Sátidé, agogo méje kò tí ì lù,
ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, ọmọ Àdìgún, ará Òkè-Àdó.
Ó wọ bàtà òjò, ó gbé abọ́ funfun dání
bí ẹni tó wá tọrọ ọbẹ̀.
Mo ní, "Kí lẹ ń wá ní Yemẹtù?
Ògùnpa ni kí ẹ lọ bá wí,
òun ló ń ru pàǹtí Mọ́kọ́lá lọ bá ti Dùgbẹ̀."

Ó ní àwọn ti débẹ̀.
Wọ́n ti kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà,
wọ́n ti da ẹja wẹ́wẹ́ sínú kòtò tí kì í gbẹ,
ẹja tí ń jẹ tanwíjí bí ọmọdé ṣe ń jẹ gúgúrú.
Ọkọ̀ tí ń tú èéfín náà ti kọjá lálẹ́ àná.
"Ṣùgbọ́n èéfín, Bàbá, kì í kan ilẹ̀kùn.
Ojú títì ló mọ̀.
Ẹ̀fọn ẹ̀yìnkùlé yín mọ̀ yín ju ìjọba lọ."

Ẹ jẹ́ n sòótọ́, inú bí mi.
Mọ́láyọ̀ ọmọ ọmọ mi ń gbọ̀n lórí ẹní,
ibà ti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.
Ẹfọ̀n tó níwo, ọdẹ a máa gbé ìbọn tì í;
ẹ̀fọn tí kò níwo, tí kò tó èékánná,
òun ló kan ọmọ mi mọ́lẹ̀.

A jọ yí àdúgbò po.
A rí tanwíjí nínú táyà Gàníyù fọganáísà:
mo fi Gàníyù rẹ́rìn-ín.
A rí i nínú agolo mílíìkì, a rí i nínú ìṣẹ́po tapólì
tí Ìyá Sàúdátù fi bo jẹnẹrétọ̀:
mo tún rẹ́rìn-ín.

A wá dé abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rò mi.
Àmù ìyá mi nìyẹn.
Ọdún mọ́kànlá tó ti lọ, n kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé e.
Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń dì mú létí àmù ṣì ń dán.
Òjò ló ń pọnmi sí i báyìí.
Ọmọ Àdìgún rọra ti abọ́ bọ̀ ọ́,
ó gbé e síwájú oòrùn:
wọ́n ń ta kìtì, wọ́n ń gbé ìdí sókè,
wọ́n ń jó nínú omi ìyá mi
bí ẹni pé ìkómọ ni.

Kò bá mi wí. Ó wo ojú mi, ó ní,
"Ẹ má fọ́ ọ. Ẹ ṣáà dojú rẹ̀ délẹ̀.
Kó tó pé ọjọ́ mẹ́wàá, ìyẹ́ á ti hù lára wọn."

Omi náà ṣàn gba orí ẹsẹ̀ mi, ó tutù,
ó wọnú iyẹ̀pẹ̀.
Ó ṣe mí bí ẹni tó tún ń sìnkú.
Ìdí àmù náà rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí orí ọmọ tuntun.

Ara Mọ́láyọ̀ ti yá. Orí àmù yẹn ló ń jókòó sí,
ó ń fi gìgísẹ̀ lù ú.
Gàníyù ti lu táyà rẹ̀ ní ihò,
àràárọ̀ Sátidé lèmi náà ń yẹ ẹ̀yìnkùlé wò.

Síbẹ̀, lóru àná, yànmùyánmú kan
wá kọrin sí mi létí.
Mo dìde, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i,
mo bi í léèrè:
ọmọ ilé ta ni ọ́?