Ojú Ẹsẹ̀ Ajá Lórí Bíríkì

Ẹ wọlé, ẹ̀yin àrólé. Ẹ rọra, àtẹ́rígbà kúrú.
Ẹni tó kọ́ ọ fẹ́ kí olówó tẹríba
kí ó tó rántí pé àdúrà ló bá wá.
Èmi ni Norina, ọmọ olùṣọ́gbà.
Ọrùn ìyá mi ni kọ́kọ́rọ́ yìí wà kí ó tó dé ọrùn mi.

Ẹ ní kí n sọ ìtàn ilé fún ẹni tó fẹ́ rà á.
Ó ti kọ̀wé bi mí: yàrá mélòó? Ṣé omi ń yọ dáadáa?
Kò bi mí nípa kòkòrò sányán.
Òkè àjà ni wọ́n ti ń sìn wọ́n, lórí ẹní esùsú,
ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹnu tí ń jẹ ewé tọ̀sán-tòru.
Ìyá ìyá mi ní bí òjò ni ìró rẹ̀,
pé ọmọ tó bá sùn nísàlẹ̀ a máa lá àlá odò.
Òwú ẹnu kòkòrò ló kọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń wò:
òpó funfun mẹ́fà, àtẹ̀gùn,
áńgẹ́lì tí imú rẹ̀ ti kán.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ gbóná.
Onígbáméjì gba etí odò Piave wá,
kò kan ilẹ̀kùn, kò bèèrè ta ló nilé.
Bortolo Zanchettin sin ọmọ mẹ́rin láàárín ọjọ́ mọ́kànlá.
Ìkarùn-ún, Fiorenza, ń mí
bí ẹyẹ tó ṣìnà wọlé, tó ń forí gbá ògiri.
Bàbá kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀: Rókù Mímọ́,
bí eléyìí bá rí ìkórè, n ó kọ́lé fún ọ.
Ó rí ìkórè.
Ó rí mọ́kàndínlọ́gọ́rin mìíràn,
ọkọ tó fẹ́ ẹ ló sì gba orúkọ ilé rẹ̀.

Bíríkì tí wọ́n sá sóòrùn fún ilẹ̀ ibí,
ajá kan gba orí rẹ̀ kọjá kí ó tó gbẹ.
Ẹ wò ó lẹ́bàá pẹpẹ: ìka mẹ́rin, àtẹ́lẹsẹ̀ kan.
Àwọn ará abúlé ní ajá ẹni mímọ́ ni.
Ìyá mi ní ajá ẹni tó mọ bíríkì ni,
ebi ló ń pa á.

Nígbà ogun, àwọn ṣọ́jà ń kó agogo lọ yọ́ fún ìbọn.
Sante, bàbá bàbá mi, fi kúbùsù wé tiwa lóru,
ó sọ̀ ọ́ sínú kànga.
Ọdún kan gbáko la fi mu agogo,
omi ń ta bí irin lẹ́nu.
Nígbà tí wọ́n fà á jáde, ohùn rẹ̀ ti há.
Bẹ́ẹ̀ ló ṣe há títí dòní.

Ogún kì í tó ọmọ bàbá méjì.
Ottavio àti Gildo fi ọ̀dà funfun fa ìlà
láti pálọ̀ dé ìdáná.
Ìyàwó Gildo a máa na iyọ̀ kọjá ìlà lóru.
Ṣùgbọ́n ilé àdúrà kò ṣeé pín:
wọ́n ń gba Ara Olúwa ní ìpẹ̀kun méjì pẹpẹ,
fadá ń rìn láàárín wọn bí ẹni ń sọdá odò.
Ọjọ́ tí Ottavio kú,
Gildo kúnlẹ̀ pẹ̀lú garawa àti búrọ́ọ̀ṣì,
ọgọ́rin ọdún lórí, ó ń fọ ìlà náà.
Kò lọ tán. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì yẹn sókè, ẹ ó rí i.

Oníbàárà yín ní ọtí ni òun ó kó síbí,
nítorí pé ibẹ̀ tutù. Kò burú.
Ọtí àti pẹpẹ kì í ṣe àjèjì síra wọn.
Kí ó má ṣáà gbé àgbá lé bíríkì kan yẹn.

Kọ́kọ́rọ́ nìyí. Ẹ gbà.
Ilẹ̀kùn a máa le lákòókò òjò,
ẹ má fi ìbínú tì í.
Èjìká ni kí ẹ fi tì í, èjìká òsì.