Irun Ajá Lára Ṣòkòtò Mi

Àwa méje la fọwọ́ síwèé ní ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì,
àwa mẹ́rin la ríra ní òwúrọ̀ Sátidé:
èmi, Múìbátù tó ń tẹ lẹ́tà,
Gbádébọ̀ awakọ̀,
àti Alájì Táórídì, akáǹtì wa,
tó ti ń kìlọ̀ látinú ọkọ̀:
"Omi ni n ó máa pọn o.
Kí ajá kankan má fimú kàn mí, mo ní àlùwàlá."

Lẹ́yìn Kẹ́lẹ́bẹ, níbi tí ọ̀dà ti tán lójú títì,
a gbọ́ wọn kí a tó rí wọn.
Ajá méjìdínlógójì:
gbígbó wọn dà bí òjò lórí páànù ilé tí kò ní àjà.
Màmá Olúfúnmbi, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, yọ sí wa nínú bàtà rọ́bà,
ó na ìgbálẹ̀ sí mi,
ó na ṣọ́bìrì sí Gbádébọ̀.
"Ìgbẹ́ lẹ kọ́kọ́ máa kó.
Ìfẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ìgbẹ́ la kó.
Múìbátù fi ìborùn dimú, ó ń ṣẹ́ èpè fún ẹni tó mú un wá,
èmi ni.
A wẹ̀ wọ́n. A ń já eégbọn sínú agolo kẹrosíìnì,
eégbọn tó wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi mọ́jú.
Màmá ń dárúkọ wọn bí ẹni ń pe rẹ́jísítà:
Ìjà-ò-tán-síbẹ̀, tí ọ̀kadà gbá l'Ókè-Fíà,
ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi ń sáré ju tiwa lọ;
Ẹlẹ́nu-ò-mọ̀, tí wọ́n jù sí ààtàn nínú àpò sìmẹ́ǹtì;
Orí-yọ-mí, tó já gbà lọ́wọ́ ẹni tó ti gbé omi ọbẹ̀ kaná,
tó gbé ààbọ̀ okùn lọ́rùn wọlé
bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó so táì.

Ọ̀kan jókòó lẹ́nu géètì, kò dá sí wa.
Irun àgbọ̀n rẹ̀ ti funfun.
Mo bèèrè orúkọ.
"Ó-ní-òun-ń-bọ̀," ni Màmá wí.
"Ẹni tó ni ín kó lọ sí Àbújá.
Ó fọwọ́ pa á lórí, ó ní òun ń bọ̀.
Ọdún mẹ́ta rèé."
Ọkọ̀ kan kọjá lójú títì.
Ajá náà dìde díẹ̀, ó nà etí,
ó tún jókòó.

Mo mọ ìdìde yẹn.
Mo mọ̀ ọ́n láti orí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa,
níbi tí Bàbá Ọ̀jẹ́wálé, tíṣà àtijọ́ láti Ìlobùú,
ti ń gbé ìwé rẹ̀ lé orúnkún nínú náílọ́ọ̀nù dúdú.
Bí ilẹ̀kùn mi bá ti dún, á dìde díẹ̀.
Mo máa ń ní, "Bàbá, ẹ padà wá ní Tọ́sìdé."
Tọ́sìdé wo?

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń gbálẹ̀ lọ,
mo gbá ibi tó ti mọ́.

Nígbà tí à ń lọ, Alájì, tí ọmọ ajá ti tọ̀ sí bàtà,
ki ọwọ́ bọ àpò, ó ka ẹgbẹ̀rún méjì náírà.
Kò wo ojú wa.
"Màmá, ẹ fi ra ẹsẹ̀ adìyẹ
fún àgbà tó wà lẹ́nu géètì yẹn."
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ọ̀gọ̀-Olúwa.

Ní Mọ́ńdè, Bàbá ti wà níbẹ̀ kí n tó dé.
Mo ní kó wọlé, mo fún un ní àga tèmi,
mo kúnlẹ̀ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ń tú fáìlì,
eruku ń bò wá, n kò rí i,
mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè lẹ́ẹ̀kan sí i.
Ó tẹjú mọ́ ṣòkòtò mi.
"Ọ̀gá, ṣé ẹ ń sin ajá ni?"
"Rárá, sà.
Ọ̀kan ló sin mí dé ibí."