Ẹni Tó Gbà Á Sílẹ̀

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n gbé jíìpù náà wá,
aago méje kò tíì lù, ọyẹ́ ṣì bo òkè mọ́lẹ̀,
mo ń fi ọṣẹ fọ gírísì àná kúrò lọ́wọ́.
Ẹni tó jókòó lẹ́yìn kò sọ gíláàsì kalẹ̀.
Awakọ̀ rẹ̀ ló sọ̀rọ̀: “Ewúrẹ́ la gbá.
Ẹ bá wa nà án jáde kí ọ̀sán tó pọ́n.”

Báńpà ti rún lápá ọ̀tún,
bónẹ́ẹ̀tì kó wọnú bí ikùn ẹni tó gbààwẹ̀.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka tọ ojú ibi tó rún,
mo rí ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó há síbẹ̀,
kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ.

Ewúrẹ́ wo ló ń kun ọ̀dà?

N kò béèrè.
Mo gbé òòlù.

Ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún ni mo pè é.
Irú wọn a máa ná mi títí òógùn á fi bọ́ lójú mi;
lọ́jọ́ yìí, wọn kò yọ náírà kan.

Aago mẹ́jọ lù, ilé ìwé girama dákẹ́.
Àwọn ọmọ dúró ní pápá, wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà,
wọ́n ń wo ríìmù ọkọ̀ tó rọ̀ lára igi máńgòrò.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni Bàbá Fámúagun ti ń lù ú.
Ibà kò dá a dúró rí. Òjò kò tó bẹ́ẹ̀.
Èmi náà ti sá tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ rí, mo pẹ́ lẹ́yìn,
kẹ̀kẹ́ ológeere tó máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ kùn
tí ọdún Àjíǹde bá ku ọ̀sẹ̀ kan,
pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tó ń yá lọ́wọ́ bàbá mi.

Kí n má purọ́: mo mọ ọ̀dà yẹn.
Mo ti mọ̀ ọ́n kí òòlù tó balẹ̀.

Obìnrin tó ń lọ já ewé kókò ló rí i
nínú kòtò lẹ́bàá afárá, láàrin Ìfàkì sí Ọ̀yẹ́.
Iyán àná tó wé léwé kò tú.
Òun ló tú.
Obìnrin náà ní ara rẹ̀ ṣì gbóná.
Ẹ jẹ́ n tún un wí: ara rẹ̀ ṣì gbóná.
Ọkọ̀ tó yára tó yẹn ì bá ti gbé e dé Ìdó.

Ọlọ́pàá kọ ọ́ síwèé: ọkọ̀ tí a kò mọ̀.
Káńsù ní ọ̀nà ló burú. Ẹlòmíì ní ọyẹ́ ni.
Lórí sàréè, wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run.
Gbogbo nǹkan ló pa Fámúagun,
àfi ènìyàn.

Ẹni tó gbépo lájà kò jalè
tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.
Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yìí,
n kò mọ̀ pé ọwọ́ mi ló ń bá wí.
Lẹ́bàá afárá, Bàbá kò rí ẹni gbà á sílẹ̀;
níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ọkọ̀ rí.

Ìwé owó mi ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀:
nọ́ńbà ọkọ̀, ọjọ́, iye owó,
àti “ewúrẹ́”, ní ìkọ̀wé èmi fúnra mi.

Lánàá, ìyàwó rẹ̀ ru kẹ̀kẹ́ náà wá lórí,
ó gbé e kalẹ̀ gan-an níbi tí jíìpù dúró sí.
Ó ní n bá òun tọ́ ọ, kí òun gbé e relé,
“ulé” ló pè é, bí àwọn àgbà ṣe ń pè é.
Ó ní àbúrò Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ni yóò máa gùn ún.
Ó tú etí ìró rẹ̀, owó wà níbẹ̀, ó ti rún.

“Èló ni,” ó wí, “èló ni màá san?”

Òòlù wà lọ́wọ́ mi.
Ó ń wò mí lójú, ó ń dúró de iye.