Àgọ́ Ẹlẹ́ni Méjì

Àgọ́ wa àtijọ́ wúwo bí ìkókó.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Torleiv fi pọ̀n ọ́n gun òkè,
ìkókó tí kò dàgbà, tí kò rìn,
tí kò sọ lọ́jọ́ kan pé, "Sọ̀ mí kalẹ̀, ó ti rẹ̀ ọ́."
Lọ́dún tó kọjá, lórí òkúta tó ń yọ̀ lókè Romsdal,
orókún rẹ̀ ọ̀tún ní kà.
Àwa méjèèjì gbọ́. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Orókún là á wò ká tó ra àgọ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ṣọ́ọ̀bù Sindre ní Åndalsnes,
òjò ń fi ìka lu gíláàsì.
Sindre tí mo kọ́ ní ìṣirò ní kíláàsì kẹta,
tí kò mọ okùn bàtà dì nígbà náà,
lónìí òun ló ń ṣírò fún mi.
Ó gbé àkọ́kọ́ sórí òṣùwọ̀n: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún gíráàmù.
Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo ń dúró de ìyókù.
"Gbogbo rẹ̀ nìyẹn, Gudveig."
Aṣọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà,
mo ń rí àtẹ́lẹwọ́ ọkọ mi láti ẹ̀yìn rẹ̀,
mo ń rí ìlà tó wà níbẹ̀.
Ó fúyẹ́. Mi ò lè purọ́, ó fúyẹ́.
Àmọ́ ilẹ̀kùn kan ló ní.

Ilẹ̀kùn kan! Sindre, o ṣì kéré.
Ẹni ọdún méjìlélógún ń sùn mọ́jú ni.
Torleiv ń jí lẹ́ẹ̀mẹta lóru,
ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń gùn mí kọjá bí ẹni ń gun odi,
tí yóò máa wá síìpù nínú òkùnkùn.
Lẹ́ẹ̀kan ó fi orókún tẹ irun mi mọ́lẹ̀,
báàgì ló wá ń bẹ̀ pé kó má bínú.

Èkejì kò ní ọ̀pá tirẹ̀,
ọ̀pá ìtilẹ̀ tí a fi ń rìn ni wọ́n ní ká fi gbé e ró.
Torleiv fẹ́ràn rẹ̀: ohun kan, iṣẹ́ méjì.
Mo ní, bí mo bá fẹ́ mú ọ̀pá mi lọ pọn omi ńkọ́,
ṣé kí ilé wó lé ọ lórí?
Ó rò ó títí.
Owó rẹ̀ tó rọ̀ ni kò jẹ́ kó tètè gbé e kalẹ̀.

Ẹ̀kẹta jẹ́ kílò kan àti díẹ̀,
díẹ̀ yẹn sì nídìí: ilẹ̀kùn méjì,
tèmi lápá ọ̀tún, tirẹ̀ lápá òsì,
ìloro kékeré méjì fún bàtà tó bá rin.
Mo bi Sindre pé, ẹni méjì wo ni wọ́n fi wọn ìbú rẹ̀?
Ẹni méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra,
tàbí ẹni méjì tó ti jà títí tó rẹ̀ wọ́n?
Kò sí nínú ìwé ọwọ́ rẹ̀.
Ó ní ká bọ́ bàtà, ká dùbúlẹ̀ wò ó.

Bẹ́ẹ̀ la nà gbalaja sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan,
arúgbó méjì pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀,
ẹni tó wá ra ìwọ̀ ẹja ń yà fún ẹsẹ̀ wa.
Ìgbọ̀nwọ́ mi kan ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gún ẹnì kan.
Òrùlé jìnnà sí imú mi,
ìrì èémí wa ò ní máa kán sí wa lójú.
Mo ń ronú àgọ́ àtijọ́ tó wà ní àká,
tó ń ta òórùn ẹja àti èéfín,
tí Ragnfrid ọmọ wa ní ká jù nù.
Kò mọ̀ pé ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ òun.
Mo ní, "Torleiv, èmi ni mo máa rù ú báyìí o.
Ìwọ, gbé àwọn èèkàn."

Mo ń dúró de àríyànjiyàn.
Kò wá.
Mo yíjú. Ó ti sùn,
ẹnu là díẹ̀, ọwọ́ lórí orókún,
bí ẹni tí ilẹ̀ ti ṣú fún.

Sindre lóṣòó lẹ́nu ilẹ̀kùn mi.
"Ṣé ẹ máa rà á?"
Mo ní kó rọra sọ̀rọ̀.