Kẹ̀kẹ́ Afẹ̀yìntì

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ka mítà omi ní Ẹ̀pẹ́,
lórí kẹ̀kẹ́ onígàárì ṣóńṣó tí ń buni ní ìdí jẹ bí ìjàlọ.
Láti Òkè-Balógun dé etí ọ̀sà,
ojúlé dé ojúlé,
mo tẹ̀ ba bí ẹni ń wá owó tó bọ́ sílẹ̀,
títí ẹ̀yìn fi di ọ̀rọ̀
tí mò ń bá ìyàwó mi sọ lóru.

Ìjọba ní, "Ọ̀gbẹ́ni Sùnmọ́nù, ẹ fẹ̀yìn tì."
Mo gbọ́.
Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wo? Èyí tó ń ro mí yìí?
Ara ògiri wo ni kí n fi í tì?

Lámídì wẹ́dà ló dá mi lóhùn,
ọmọ tó ń fi páìpù àlòkù ṣe géètì lẹ́yìn gáréèjì.
Ó rí nǹkan nínú fóònù, ó sì jó méjì pọ̀.
Ọ̀kan gbalẹ̀ bí alángbá,
ìdí ẹni fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha ọ̀dà títì,
ẹsẹ̀ nà síwájú, orí rọ̀ sẹ́yìn,
atẹ́gùn ọ̀sà kò rí àyà tí yóò dì mú.
Ìkejì ga tó àpótí ìdáná.
Ó jọ àga tí àgbàlagbà fi ń gba atẹ́gùn nírọ̀lẹ́,
àfi pé wọ́n so ṣéènì gígùn mọ́ ọn,
wọ́n sì ní kó máa lọ.

Alángbá ni mo kọ́kọ́ mú.
Ta ni kò fẹ́ sáré?
Láàárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì, mo forí lé ọ̀nà Ìtóìkín.
Ẹ̀yin ará ilé mi, mo fò!
Ọlọ́kadà kan lé mi, ó lé mi tì.
Ẹ̀yìn mi dákẹ́,
ohun tí kò ṣe láti ọdún tí a bí Rìsíkátù.
Sánmà ni mò ń wò
bí ọmọ tó dákàká sójú omi.

Àfi bí típà oníyanrìn ṣe yà sọ́dọ̀ mi.
Awakọ̀ kò rí mi. Báwo ni ì bá ṣe rí mi?
Ta ní ń wá bàbá onírùngbọ̀n nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn ọkọ̀?
Táyà rẹ̀ kọjá létí mi,
mo ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀
bí ẹni ń ka mítà.
Inú koríko ni mo ti wá bàtà mi rí.

Mo dá alángbá padà.
Eré tí kò jẹ́ kí wọ́n rí ni,
òun kọ́ ni mo ń wá.

Lámídì kò tàn mí lórí ìkejì.
Ó ní, "Bàbá, èyí ò fẹ́ràn òkè.
Ẹni tó fẹ̀yìn tì ò lè dìde dúró tẹ pẹ́dà."
Mo ní èmi náà ò fẹ́ràn òkè mọ́.
Ní Òkè-Balógun, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀, mo máa ń tì í,
àwọn ọmọ ilé-ìwé a sì bá mi tì í, wọn a máa rẹ́rìn-ín.
Ṣùgbọ́n tí ọ̀nà bá ti tẹ́jú,
ẹ bi àwọn ará Agbówá.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e gba Màrínà,
gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ju òòlù sílẹ̀:
"Ẹ gbà mí o, wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ gbé òkú!"
Òkú juwọ́ sí i.

Múnírátù ní, "O ò ṣe kúkú gbé ìrọ̀rí dání?"
Ṣùgbọ́n òun náà ló ya ìró pupa rẹ̀,
tó so ó mọ́ ọ̀pá ọparun,
tó gbé e sẹ́yìn àga,
kí típà lè mọ̀ pé ẹnìkan wà nísàlẹ̀ yẹn, ó nílé.

Lóru àná, ó fọwọ́ tọ́ mi léjìká,
ó bi mí bóyá mo ṣì wà láàyè.
Ó ní ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́,
òun ò tí ì gbọ́ ẹ̀yìn mi.