Iṣẹ́ Ọwọ́ Òsì

Ní Peterhead, ilẹ̀ kì í tètè mọ́ nínú oṣù Kìíní.
Kùrukùru òkun ló kọ́kọ́ wọlé,
àwa tẹ̀ lé e.
Dod Cruickshank ti gbé ife tíì rẹ̀ lé orí àpótí irinṣẹ́,
ó ti di páìpù mọ́ fáìsì,
páìpù tó nípọn lára bẹ́ẹ̀
tó jẹ́ pé ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ni ihò inú rẹ̀ lè gbà.

"Morven," ló wí, "rọra.
Irin yìí ò gbọ́ èdè ìkánjú."
Ó kán òróró sí i, ó ń yí ọwọ́ irinṣẹ́,
jẹ́ẹ́, jẹ́ẹ́,
irin ń ká bọ́ bí èèpo ọ̀dùnkún
tí màmá mi ń bó lọ́jọ́ Àìkú,
títí orí páìpù fi di ṣóńṣó,
tó ń dán bí ojú ẹja tuntun.
Ó fi èékánná àtàǹpàkò yẹ̀ ẹ́ wò.
Ìlà kan, tó tín-ín-rín bí irun ọmọ tuntun,
títì ọlọ́dà ni lójú omi.

Ó wá kan eyín.
Ọwọ́ tí a kì í fi júwe ilé baba ẹni,
òun ni eyín yìí yàn láàyò:
òsì la fi ń dè é, ọ̀tún la fi ń tú u,
kí nọ́ọ̀tì ńlá má baà fà á tú
nígbà tóun náà bá ń yí sọ́tùn-ún.

Ó kàn mí. Mo gbẹ́ ṣóńṣó, mo gé eyín,
mo yí kọ́là mọ́ ọn lọ́rùn,
mo fi eyín kan àbọ̀ sílẹ̀ níta bó ṣe kọ́ mi.
Mo gbójú sókè, mò ń retí ìyìn.
Dod ń wo tábìlì.
Nọ́ọ̀tì tó yẹ kó ṣáájú kọ́là wọlé
jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́
bí ọkọ ìyàwó tí wọ́n gbàgbé sílé.
Ó rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i láyà.

Àmọ́ nígbà tó kan ká fi omi dán an wò,
kò rẹ́rìn-ín mọ́.
Ó na àtẹ́lẹwọ́ òsì sí mi:
àpá kan, kò tó hóró ìrẹsì.
"Ọwọ́ ni mo fi wá ibi tó ń jò.
Mi ò gbọ́ ariwo kankan.
Omi wọ inú ara mi bí ẹni ń wọ ilé baba rẹ̀."

A ti ilẹ̀kùn irin. A dúró sẹ́yìn dígí.
Ọwọ́ aago gun ọ̀kẹ́ kan,
ó gun méjì,
ó dúró lórí ọ̀kẹ́ mẹ́ta, ó ń gbọ̀n díẹ̀.
Ihò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdè náà
tí wọ́n lu sílẹ̀ kí irin lè ríbi sunkún.
Ibẹ̀ là ń wò.
Àwọn ẹyẹ òkun ń jà lórí òrùlé.
Ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Ihò náà gbẹ táútáú.

Dod fi etí ẹ̀wù nu ẹnu ife rẹ̀.
"Ó ku méjìlélógún," ló wí.